Mọ́tò Tí Kì Í Gbé Èèyàn Lọ Síbì Kan

Ọjọ́ tí mo ríṣẹ́ nílùú òyìnbó, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ti rò ó pé ijó ni yóò fi dá mi lóhùn.

“Mọ́mì, mo ti ríṣẹ́ o! Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ni. Èmi ni n ó máa bá wọn tún mọ́tò ṣe.”

Adìyẹ nìkan ni mo ń gbọ́ tó ń ké lẹ́yìnkùlé wa ní Osi. Nígbà tí ìyá mi yóò fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

“Mọ́tò? Uṣẹ́ mẹkáníìkì? Ọmọ mi, gbogbo ìwé tí o kà, ṣé abẹ́ mọ́tò ló parí sí?”

Ẹ̀bi èdè wa ni. Lẹ́nu àwa, mọ́tò ni ohun tó ní táyà mẹ́rin tó ń gbé èèyàn lọ sí Ìlọrin. Èyí tí mo ń sọ kò ní táyà, kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni. Kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Wọ́n dè é mọ́ ara ẹ̀rọ, iná ló ń yí i, sẹ́fò sì ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yí dé ibi tí wọ́n bá ní kó dé, kó dúró síbẹ̀ gan-an, kó má fi ìbú irun kan kọjá. Àpótí kan wà tó ń pàṣẹ fún un, dráífù ni à ń pè é. Bí mọ́tò bá ṣàìgbọràn, àpótí yìí á tan iná pupa, á kọ nọ́ńbà síwájú orí ara rẹ̀, á sì dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọ́n á wá ránṣẹ́ pè mí kí n wá parí ìjà wọn.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ìyá mi. Ó ní òun ti gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo Osi ló ti mọ̀ pé mo ti di mẹkáníìkì lókè òkun.

Ẹni tó kọ́kọ́ jàǹfààní níbẹ̀ ni Bàbá Délé, àbúrò bàbá mi, tó ń wa takisí láàárín Osi àti Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló dúró fún wa bíi bàbá. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì.

“Gbọ́ ohùn rẹ̀,” ló wí, ó sì ki fóònù náà bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbùrù-gbùrù-kẹ̀ùù! Gbogbo àwọn òyìnbó inú bọ́ọ̀sì yíjú sí mi.

“Bàbá Délé, ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀.”

“O ti ń gbéraga, àbí? Òyìnbó lò ń bá ṣe é, tèmi ni o ò lè ṣe.”

Kí n ṣáà lè bọ́, mo ní, “Pọ́lọ́ọ̀gì ni, sà.” Mo pa fóònù.

Ìrọ̀lẹ́ ló padà pè, ó ń pariwo. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Pọ́lọ́ọ̀gì náà ni! Ó gbọ́ ohùn lásán láti òkè òkun, ó mọ àrùn!” Láti ọjọ́ náà, ọlọ́kadà ń pè mí, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta ń pè mí. Pọ́lọ́ọ̀gì ni mo ń sọ fún gbogbo wọn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ó ń ṣiṣẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn.

Òtútù tí gbogbo èèyàn fi ń dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbí. Ìkíni wọn ni. Ẹni tí o bá pàdé lọ́nà á bi ọ́ pé, “Ṣé dáadáa ni?” Bí wọ́n bá bi ọmọ Osi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, yóò dúró, yóò ní a dúpẹ́, yóò sọ bí orúnkún ìyá òun ṣe wà, yóò sì béèrè aya, ọmọ àti oko lọ́wọ́ ẹni tó kí i. Kí n tó dé ibi a dúpẹ́, ẹni tó bi mí ti wọ lífìtì. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ lé ọkùnrin kan dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ kí n lè parí èsì mi. Láti ìgbà náà, bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà. Ọ̀gá mi, obìnrin onírun funfun kan tó lè bí mi lọ́mọ, ní kí n máa pe òun ní Linda. Linda lásán! Mo dán an wò níwájú dígí nínú yàrá mi, ahọ́n mi kọ̀. Ó dà bíi pé ọwọ́ ìyá mi yóò gùn láti Osi wá gbá mi lẹ́nu. Mo wá ń pè é ní Àǹtí Linda. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí mo bú. Nígbà tó yá, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń pè é ní Àǹtí, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní Ìlọrin, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ omi inú ike, bí mọ́tò bá dákú, a ó gbá a, a ó fẹ́ ẹ, a ó gbàdúrà lé e lórí, a ó sì wá wáyà kan so mọ́ ọn. Níbí, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí o ó fi pa iná, tí o ó fi àgádágodo tìrẹ tì í, tí o ó sì so káàdì tó ní fọ́tò rẹ kọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Ìgbà tí mo bọ ọkùnrin kan lọ́wọ́ tí ìka rẹ̀ ò pé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn àgádágodo yẹn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ni ti mọ́tò kan tó máa ń dá iṣẹ́ dúró bó ṣe wù ú. Á ṣiṣẹ́ dáadáa, á kàn ṣàdédé dúró, bí o bá sì tún un tàn, á ní kò sóhun tó ṣe òun. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Mo rí i pé wáyà rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lú apá ẹ̀rọ náà, ojú kan ló sì ti máa ń ṣẹ́ kọ́lọ́kọ́lọ. Mo di ojú ibẹ̀ mú, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Iná pupa! Wáyà náà ti kán nínú, ara rẹ̀ lóde sì ń dán. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo dúró de ìyìn.

Àǹtí Linda wò ó yípo. “Kò burú,” ló wí, ó sì lọ.

Mo gbé ìbànújẹ́ lọ sílé. Kò burú? Ohun tí à ń sọ nípa ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ni ẹnì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyìn tó ga jù lẹ́nu Linda nìyẹn, òun ṣì ń retí tòun.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń nira jù. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé á pa lọ́lọ́. Mo máa ń pe ìyá mi, bí a bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má pa fóònù, kó kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń wa ìsàlẹ̀ ìkòkò, bó ṣe ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò, bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí páànù. Ìgbà mìíràn, mo máa ń sùn lọ síbẹ̀. Bí mo bá jí, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń bá: “Hẹ́lò? Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Owó rẹ mà ń jó o.”

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá máa jẹ́ àwàdà lọ bí kò bá sí ti Bọ́sẹ̀. Tíṣà ni Bọ́sẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, a sì ti ń fẹ́ra wa kí n tó kúrò nílé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì sí Odò-Ọwá, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà bí kò bá tíì yẹ gírámà rẹ̀ wò. Ìyá mi àti Bàbá Délé lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ti bá ọ̀nà jẹ́. Wọ́n gbà wọ́n dáadáa. Wọ́n jẹ iyán. Bàbá Bọ́sẹ̀ ní òun gbọ́ pé injínníà ni mí, inú òun dùn. Wọ́n dìde láti máa lọ, takisí Bàbá Délé kọ̀, kò ṣí.

“Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá àna,” ni Bàbá Délé wí. “Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ á bá wa wò ó láti òkè òkun.” Ó pè mí, ó jẹ́ kí ohùn mi jáde síta, ó sì ki fóònù bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èmi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Mo ti gbàgbé pé ọjọ́ yẹn ni. Mo ní, “Bàbá Délé, ẹ tún ti ra epo burúkú sí i! Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ nù ún, kí ẹ tún un fi sí i.”

Mo gbọ́ ikọ́ kan tí n ò mọ̀. Ohùn àgbà kan sì tẹ̀ lé e, ó ń sọ ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń pe àpèkọ.

“Ẹ̀yin ará Osi, n ò kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́. Mẹkáníìkì tó bá jẹ́ olóòótọ́ sàn ju mínísítà tó jẹ́ òpùrọ́. Ṣùgbọ́n injínníà ni ẹ pe ọmọkùnrin yìí fún mi. Ẹni tó bá lè purọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ni kò ní purọ́ lé lórí?”

Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé. Èyí tó wá burú jù ni pé takisí náà ṣí. Pọ́lọ́ọ̀gì náà ni.

Bọ́sẹ̀ pè mí, ó ń sunkún, ó sì ń bínú. “O lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún òyìnbó títí wọ́n fi gbà ọ́. Ìyá tó bí ọ ni o ò lè ṣàlàyé fún!”

Mo tún gbìyànjú. “Mọ́mì, mọ́tò tí mo ń sọ yìí, kì í lọ síbì kan.”

“Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́, mà. Ojú kan náà ló ń yí sí.”

“Ọmọ mi,” ni ìyá mi wí pẹ̀lú àánú, “mọ́tò tó ń yí lójú kan tí kò lọ síbì kan, ẹrẹ̀ ló kó sí.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo pa fóònù, inú mi bàjẹ́. Pé wọ́n ń pè mí ní mẹkáníìkì kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tí mo ń fi ọjọ́ ayé mi ṣe kò lórúkọ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn mi jù. Níbí, kò sẹ́ni tó mọ Osi. Nílé, kò sẹ́ni tó mọ sẹ́fò. Ó wá dà bíi pé èèyàn méjì ni mí, kò sì sẹ́ni tó mọ àwọn méjèèjì pọ̀.

Bọ́sẹ̀ ló mú ọgbọ́n wá. “Bàbá mi kì í gba ìròyìn gbọ́,” ló wí. “Ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí ló ń gbà. Pè é lórí fídíò, kó wò ọ́ lẹ́nu iṣẹ́.”

A kì í lo fóònù níbi tí ẹ̀rọ wà. Mo lọ bá Àǹtí Linda, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Obìnrin tó ti dàgbà tó yẹn,” ló wí, “bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lọ́kọ?”

“Bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, mà.”

Ó mirí. “Èmi ò bi bàbá mi kí n tó fẹ́ ọkọ mi àkọ́kọ́. Bóyá ó yẹ kí n bi í.” Ó ní kí n pè wọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ fóònù náà ò gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹ́lò tó wà nílẹ̀.

Sátidé dé. Bọ́sẹ̀ ló di fóònù mú ní pálọ̀ wọn ní Odò-Ọwá. Bàbá jókòó, ó dé fìlà, ó gbé awò sójú. Ìyá mi àti Bàbá Délé náà ti débẹ̀. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ilé-iṣẹ́ nínú aṣọ iṣẹ́, mo dìde, mo fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n.

“Bàbá, mọ́tò pọ̀ lára ẹ̀rọ yìí. Ọ̀kan ń ti bisikíìtì, ọ̀kan ń fa bébà, ọ̀kan ń gé e. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì yìí, gbogbo wọn á jùmọ̀ ṣe é bí ẹgbẹ́ akọrin.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn, kò sì sí èyí tó mira.

“Pọ́lọ́ọ̀gì ni!” ni Bàbá Délé pariwo.

“Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́,” ni Bàbá wí. Ó fà sún mọ́ fóònù. “Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí ló yẹ kí o kọ́kọ́ ṣe?”

“Kí n ka ohun tó kọ síwájú orí, sà.” Mo kà á, mo ṣí ìwé rẹ̀ wò. “Mọ́tò tó ń gé bébà ni. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun wà.”

“Ṣé ó mu nǹkan ni?” ni ìyá mi bi.

“Rárá, mà. Ojú kan wà lẹ́yìn mọ́tò kọ̀ọ̀kan tó ń ka bó ṣe ń yí. Bí wọ́n bá paná, bátìrì kékeré kan ló ń bá a rántí ibi tó dúró sí. Àná ni wọ́n pa iná gbogbo ilé-iṣẹ́ yìí láti tún un ṣe.”

“Bátìrì ló kú nígbà náà,” ni Bàbá wí, bí ẹni ń fi bírò pupa máàkì ìwé.

Bàbá àna ẹni ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. “Ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí wáyà ojú náà bá já, ohun kan náà ni yóò kọ. N ò lè sọ ọ́ láì wò ó.”

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí, ó tún un fi sójú. “Hẹn-ẹn. Wò ó.”

Mo gbàgbé ìlà yẹ́lò. Mo gbé fóònù wọlé kí wọ́n lè ríran. Mo pa iná ńlá, mo fi àgádágodo mi tì í.

“Kí nìyẹn wà fún?” ni Bàbá bi.

“Kí ẹnikẹ́ni má baà tanná nígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú rẹ̀, sà.”

“Olúwa ṣeun,” ni ìyá mi wí. Nínú gbogbo iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ló yé e jù.

Mo fọwọ́ tọ wáyà náà láti ẹ̀yìn mọ́tò dé inú àpótí. Kò ṣẹ́, kò bó, ẹnu rẹ̀ le dáadáa. Mo wá fi mítà kan bátìrì. Agbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ pátápátá. Mo fi tuntun sí i, mo pa àpótí dé. Bàbá Délé pàtẹ́wọ́.

“Ó kù díẹ̀, sà,” ni mo wí. “Bátìrì tuntun ò mọ ohun tí èyí tó kú mọ̀. Mo gbọ́dọ̀ darí mọ́tò yìí díẹ̀díẹ̀ títí àmì ara rẹ̀ á fi bá àmì ara ẹ̀rọ ṣe déédéé, kí n wá sọ fún un pé ibí ni.”

“Kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀?”

“Ilé ni wọ́n ń pè é, sà.”

“Ulé?” ni ìyá mi wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mọ́tò tí kò bá mọ ilé, wọn kì í gbà á láyè kó ṣiṣẹ́.”

Mo rí i tí Bàbá fa èémí sínú. Mo mọ̀ ọ́n. Òwe kan wà tí hẹdimásítà kankan ò lè jẹ́ kó kọjá lára òun. “Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀…”

“Gbígbẹ ní ń gbẹ!” ni gbogbo wọn jọ dáhùn.

Ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ni Àǹtí Linda ti yọ sí wa. Ó wo ìlà yẹ́lò. Ó wo fóònù tí mo gbé sínú ẹ̀rọ. Ó fajú ro. Kí n tó sọ̀rọ̀, Bàbá ti dìde dúró ní Odò-Ọwá, ó sì fi èdè òyìnbó àwọn hẹdimásítà sọ pé, “Ẹ káàárọ̀, Màdáámú. Àyẹ̀wò la wá ṣe.”

Àǹtí Linda, tí n ò rí kó bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí, na ẹ̀yìn gbọọrọ. “Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Ọmọkùnrin yìí, báwo ni iṣẹ́ rẹ̀?”

“Kò burú.”

Ojú Bàbá rẹ̀wẹ̀sì. “Kò burú?”

“Bàbá, ìyìn ni!” ni mo ké. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ní ilé wa, ìyẹn ò tó!”

Àǹtí Linda wò mí, ó wo Bàbá. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín lẹ́nu rẹ̀: “Ó dáa. Ó dáa gan-an ni.”

Mo ṣí àgádágodo, mo tanná, mo mú mọ́tò náà délé, mo tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bisikíìtì ń tò lẹ́sẹẹsẹ, bébà ń wé wọn, ọ̀bẹ ń gé e ṣá-ṣá-ṣá. Ìyá mi lọgun. Bàbá Délé ní òun ṣì gbà pé pọ́lọ́ọ̀gì ni.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. “Mo rò pé mẹkáníìkì ni. Ẹ ní injínníà ni. Mo ti bi í ní ìbéèrè, ó dá mi lóhùn, ohun tí n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti yé mi. Tíṣà ni ọmọkùnrin yìí. Mo gbà.”

“Tíṣà?” ni ìyá mi wí. “Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, tíṣà?” Ẹ̀rín Bọ́sẹ̀ ni mo gbọ́ kẹ́yìn kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó já.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà kan tí n ò mọ̀ pè mí. Mo rò pé ọlọ́kadà ni. Ìró ikọ́ ni mo fi dá a mọ̀: Bàbá ni. Mo dìde dúró lórí ibùsùn mi. Mo retí pé yóò bi mí nípa owó orí, tàbí ìgbà tí n ó wálé, tàbí bí dráífù ṣe ń mọ iye iná tó yẹ kó fún mọ́tò.

“Mo ti ń rò ó láti àná,” ló wí. “Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ la sọ tán pátápátá. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní nǹkan kan. Ọmọ mi, ṣé o ń jẹun dáadáa níbẹ̀?”

Mo la ẹnu, ohùn ò jáde.

“Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tiyín náà ò dáa ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni mo wí nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀. “Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.”